Orí Àgbọ̀nrín Kanuna

Oṣù tí ewé máa ń pọ́n kó tó já sílẹ̀ ni oṣù tí orí akọ àgbọ̀nrín máa ń dàrú. Abo ni wọ́n ń wá kiri. Ọrùn wọn á wú, ojú wọn á pọ́n, wọn á sì gbàgbé gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n fi sá fún ọdẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ní irú oṣù bẹ́ẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ìrì dídì ṣì funfun lórí koríko, Dalala ọmọ ìdílé Ìkookò gbé ìbọn gígùn rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì fẹ́ jáde ní ìlú Nuyohi láti lọ wá ẹran tí ilé ìyàwó rẹ̀ yóò jẹ nígbà òtútù. Ọjọ́ yẹn ni ayé rẹ̀ pín sí méjì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí àwọn tó ń sọ ìsọkúsọ nípa rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ilé ìyá ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé, bí gbogbo ọkọ ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Ìyá náà ni Gule, àgbà obìnrin ìdílé Ẹyẹ, tó jẹ́ pé tó bá ti gbẹ́nu lé ọ̀rọ̀, àwọn ọkùnrin á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Kamama ni ìyàwó, Ama sì ni ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ọmọ ọdún mẹ́fà. Gule bí ọkùnrin méjì pẹ̀lú. Sakoni ni àbúrò, ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín. Kanuna ni ẹ̀gbọ́n, òun àti Dalala sì jọ ń dẹ igbó láti ìgbà tí wọn ò tíì lè fa ọrun àgbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, Kanuna jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ọ̀rá béárì ra ọsán ọrun rẹ̀. Bàǹtẹ́ pupa ló wọ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò awọ tó dé itan. Wọ́n ti fá orí rẹ̀ ku ṣóńṣó irun kan lókè, ó so ìyẹ́ mọ́ ọn. Orí àgbọ̀nrín rẹ̀ wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló pa ẹran náà, tó kó gbogbo ohun tó wà nínú agbárí rẹ̀ dànù, tó gbẹ́ inú ìwo rẹ̀ títí tó fi fúyẹ́, tó sì fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ la inú awọ ọrùn rẹ̀ kó lè dúró dáadáa. Òkúta dúdú dídán ló fi ṣe ojú rẹ̀. Tí Kanuna bá gbé e wọ̀, tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú koríko, àgbọ̀nrín fúnra rẹ̀ á wá bá a jà.

Ó wo ìbọn Dalala látòkè délẹ̀. "Àna, o tún ti gbé ariwo rẹ dání."

"Ariwo tó ń bọ́ ilé yín," ni Dalala wí.

"Ó ń bọ́ wa lóòótọ́. Ẹyọ kan fún wa, ogójì tó gbọ́ ariwo sá lọ. Èmi máa ń sún mọ́ ẹran títí màá fi gbọ́ bó ṣe ń jẹun. Ìwọ ń jókòó sórí òkè bí ìyàwó tuntun tó ń retí kí wọ́n gbé oúnjẹ wá fún un."

Kamama rẹ́rìn-ín láti inú ilé. Dalala ní òun á mú ẹran wálé ṣáájú rẹ̀, kó wá ka ìṣísẹ̀ nígbà náà.

Àṣà kan wà tí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ orí ẹran kò gbọdọ̀ pa tì. Ó ní láti dárúkọ ilẹ̀ tó ń lọ lójú àwọn obìnrin ilé, kí àwọn ọdẹ yòókù lè mọ̀, kò sì gbọdọ̀ kúrò lórí ilẹ̀ náà. Kanuna dárúkọ tirẹ̀ sétí ìyá rẹ̀ àti Kamama àbúrò rẹ̀: etí odò kékeré, níbi tí esùnsún tí a fi ń ṣe ọfà pọ̀ sí, ní apá ìwọ̀ oòrùn. Dalala ní òun ń lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ní apá ìlà oòrùn. Odò wà láàárín wọn. Wọ́n fi ọwọ́ gbá ara wọn léjìká, kálukú bá tirẹ̀ lọ.

Láyé ọrun, àṣà yìí kò fi bẹ́ẹ̀ pọn dandan, torí ẹni tó ń lo ọrun kì í ta ọfà kọjá ọgbọ̀n ìṣísẹ̀. Ní ọgbọ̀n ìṣísẹ̀, o máa rí imú ẹran tó ń mí, o máa rí bóyá ẹsẹ̀ mẹ́rin ló fi dúró tàbí méjì. Ìbọn ló sọ igba ìṣísẹ̀ di nǹkan kékeré. Kò sì sẹ́nì kan nínú wa tó ronú nípa ohun tó máa tìdí ẹ̀ yọ.

Dalala fẹ̀yìn ti igi óákù kan, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i lójú, nítorí náà kò sí òórùn rẹ̀ tó lè lọ síwájú. Ó ti da ẹ̀tù sí ìbọn, ó ti fi aṣọ wé ọta, ó ti kì í wọlé. Ó jókòó pẹ́ títí oòrùn fi gbé ìrì kúrò lára koríko. Ìgbà náà ló rí ìwo láàárín koríko gígùn nísàlẹ̀, ní ìhà tirẹ̀ létí odò. Akọ ńlá. Ó tẹ orí wálẹ̀, ó jẹun, ó gbé orí sókè, ó wo ọ̀tún, ó yí ọrùn padà, ó lá èjìká ara rẹ̀. Inú Dalala dùn débi pé ó rẹ́rìn-ín nínú ara rẹ̀. Ó wọn ibi tí èjìká máa wà lábẹ́ koríko, ó dá èémí dúró, ó yìnbọn.

Bí èéfín ṣe bo ojú rẹ̀ ló ti dìde tó ń sáré lọ, ẹnu rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Gbogbo wa la mọ ẹ̀bẹ̀ yẹn. Àgbọ̀nrín Kékeré, olúwa gbogbo àgbọ̀nrín, tó funfun, tí kò ga ju ajá lọ, á wá bi ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀ bóyá ọdẹ bẹ̀bẹ̀. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ní rárá, oríkèé ara ọdẹ náà á máa wú títí tí kò fi ní lè rìn mọ́. Dalala ń sáré, ó ń wí pé: "Má bínú, àgbà inú igbó. Ebi ló rán mi, kì í ṣe ìkà. Ara rẹ ni mo gbà, mi ò gba ìran rẹ."

Ó parí ẹ̀bẹ̀ kó tó rí bàtà awọ, àti ẹsẹ̀ ènìyàn nínú ẹ̀.

Kanuna ń mí. Ọta ti wọlé lábẹ́ ìhà. Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn nínú ẹrẹ̀ etí odò, pẹ̀lú ti akọ àgbọ̀nrín kan tó ṣáájú rẹ̀ sọdá. Ó ti tẹ̀ lé ẹran kọjá ilẹ̀ tó dárúkọ. Ó ṣí ojú, ó wo Dalala, ó sì gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.

"Àna, orí ẹran mi yìí mà dára o. Ìwọ pàápàá ò mọ̀."

Dalala di ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde mú. 

"Má padà sílé," ni Kanuna wí. "Sakoni ò ní gbọ́ àlàyé. Gba orí òkè lọ."

Kò sọ ohun mìíràn mọ́. Dalala jókòó tì í títí ara rẹ̀ fi tutù, ó ń rántí pé ẹ̀bẹ̀ ẹran lòun ti ṣe lórí ọ̀rẹ́ òun. Ó sunkún bí ọmọdé. Kò sí ẹni tó rí i, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lẹ́yìn náà.

Ìlú Àlàáfíà wà ní ìrìn ọjọ́ méjì sí ibẹ̀, lẹ́yìn òkè. Apànìyàn tó bá ti wọ ibẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Dalala mọ ọ̀nà náà dáadáa, ó sì lágbára láti sáré dé ibẹ̀. Àmọ́ ohun tó ṣe ni pé ó gbé Kanuna lé èjìká, ó mú orí àgbọ̀nrín lọ́wọ́ kan àti ìbọn lọ́wọ́ kejì, ó sì gba ọ̀nà ìlú lọ lọ́sàn-án gangan, nígbà tí gbogbo ènìyàn wà lóko tí wọ́n ń kó elégédé. Gbogbo wọn rí i. Ó fẹ́ kí wọ́n rí i.

Gule jáde síta. Dalala tẹ́ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó gbé ìbọn tì í lẹ́sẹ̀.

"Ìyá, èmi ni mo pa á. Mo rò pé àgbọ̀nrín ni."

Ìyá náà ò pariwo. Ó kúnlẹ̀, ó nu ẹrẹ̀ kúrò lójú ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ìka rẹ̀. Kamama ló ké, ẹkún rẹ̀ sì dé òdìkejì odò.

Òfin wa ò ní í bi ọ́ bóyá o mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é. Ẹ̀mí kan ti kúrò nínú ìdílé Ẹyẹ, ẹ̀mí kan gbọdọ̀ kúrò nínú ìdílé Ìkookò. Bí ẹni tó ṣe é bá sì sá, wọ́n lè mú arákùnrin rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ dípò. Àwọn Ìkookò fúnra wọn wá bá Dalala, wọ́n ní kó máa lọ sí Ìlú Àlàáfíà, àwọn á mójú tó ohun tó bá ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, arúgbó tó kọ́ ọ ní ọdẹ, ní òun ti gbó tó láti kú dípò rẹ̀. Wọ́n rán an létí pé Kanuna ló kúrò lórí ilẹ̀ tó dárúkọ, pé ipa ẹsẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò.

"Ẹ má sọ ìyẹn níwájú mi mọ́," ni Dalala wí. "Ọwọ́ mi ló fa ìbọn. Mi ò ní sá, mi ò sì ní fi arúgbó di ojú mi."

Àwọn òyìnbó tó mọ odi sí ìtòsí wa náà gbọ́ sí i. Odi igi wọn wà nísàlẹ̀ odò, balógun wọn sì ní ògbufọ̀ kan tó máa ń wá bá wa nígbàkúùgbà tí nǹkan ò bá kàn wọ́n. Ó dé pẹ̀lú bẹ́líìtì ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ pupa márùn-ún, ó ní ikú ìbọn jẹ́ ti ilé ẹjọ́ odi, kí a fa Dalala lé àwọn lọ́wọ́, kí Gule sì fi aṣọ yìí nu ojú rẹ̀. Àwọn àgbà ìlú ń wo ara wọn. Gule bi ògbufọ̀ ní ìbéèrè kan péré.

"Ṣé balógun yín ló lóyún ọmọ mi ni?"

Ògbufọ̀ ní rárá.

"Ó dáa. Kó aṣọ ẹ, kó o máa lọ."

Ní ọjọ́ keje lẹ́yìn tí wọ́n sin Kanuna, gbogbo ìlú péjọ sí gbàgede iwájú ilé ìgbìmọ̀. Sakoni mú ọrun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní òun ò ní lo ìbọn, òun ò fẹ́ dúró lókèèrè pa ẹnikẹ́ni. Ó ka ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ sókè ketekete, ó yíjú padà. Dalala ti bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀. Ó jẹ́ ọkùnrin tó rẹwà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, irun rẹ̀ wà ní dídì, òrùka fàdákà wà létí rẹ̀ méjèèjì, kò sì ní ìbẹ̀rù lójú.

"Ṣé o rí mi dáadáa níbẹ̀ yẹn?" ni Dalala bi í.

"Mo rí ọ."

"Wò mí dáadáa kó o tó ta á. Èmi ò wo tèmi."

Sakoni fa ọrun. Òun náà ti jẹ ẹran tí Dalala pa fún ọdún mẹ́jọ. Ó fà á, ó dá a padà, ó tún fà á. Ìgbà yẹn ni Gule rìn bọ́ sáàárín wọn, pẹ̀lú ẹ̀wù ọdẹ Kanuna lórí apá rẹ̀.

"Sọ ọrun yẹn kalẹ̀."

"Ìyá, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

"Èmi ni mo ni ẹ̀jẹ̀ náà. Inú mi ló ti jáde." Ó yíjú sí àwọn àgbà. "Òfin ní kí ẹ̀mí dípò ẹ̀mí. Òfin kan náà ni kò sọ pé ẹ̀mí ọ̀hún gbọdọ̀ kú. Tí Sakoni bá pa eléyìí, àwọn Ìkookò á ní ilé òfo, èmi náà á ṣì ní ilé òfo. Kí ni mo jèrè? Ọmọkùnrin ni mo pàdánù, ọmọkùnrin ni mo ń gbà. Ẹni tó bá ní ẹjọ́ kó wá bá mi rò ó."

Kò sẹ́ni tó lọ bá a rò ó. Ó wọ ẹ̀wù náà sí Dalala lọ́rùn, ó di ojú rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ní: "Kanuna, ọmọ mi. Ìdílé Ẹyẹ ni ọ́ láti òní lọ. Dalala ti kú."

Ariwo ayọ̀ ti fẹ́ sọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ti na ọwọ́ sókè. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ yé àwọn ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ariwo sì kú. Ojú gbogbo wa yí sí Kamama. Ìdílé Ẹyẹ ni Kamama. Ọkùnrin Ẹyẹ kò gbọdọ̀ fẹ́ obìnrin Ẹyẹ, ẹni tó bá dán an wò kò ní rí Ìlú Àlàáfíà kankan tó máa gbà á. Bí Gule ṣe la ẹnu pe ọkọ rẹ̀ ní ọmọ, Kamama di àbúrò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Dalala náà ti mọ̀. Ó bọ́ ẹ̀wù náà, ó rọra ká a, ó nà án sí Gule.

"Ìyá, mo dúpẹ́. Àmọ́ ẹ gba aṣọ yín. Èmi ni Dalala, ọkọ ọmọ yín. Bí mo bá máa kú, orúkọ ara mi ni màá fi kú. Sakoni, ta ọfà rẹ."

Kamama wọ inú ilé lọ. Nígbà tó jáde, ó mú aṣọ ìbora wọn dání, aṣọ méjì tí wọ́n rán pọ̀ di ọ̀kan lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. Ó mú ọ̀bẹ pẹ̀lú. Ó dúró lójú gbogbo ìlú, ó gé ojú rírán náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ju apá kan sí ẹsẹ̀ Dalala.

"Mo ti sọ ẹ̀gbọ́n kan nù lọ́sẹ̀ yìí," ni Kamama wí. "Mi ò ní sọ ọkọ nù mọ́ ọn. Ẹ wọ aṣọ yín, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìyá Ama, mi ò lè ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ."

"Ẹ lè ṣe é."

"Ikú rọrùn jù ú lọ."

"Mo mọ̀ pé ó rọrùn. Ìdí tẹ́ ẹ fi fẹ́ ẹ nìyẹn. Ẹ ní ẹ ò ní sá. Ẹ ti ń sọ ọ́ kiri ìlú láti ọjọ́ méje. Kí lẹ wá fẹ́ ṣe yìí, tí kì í ṣe pé ẹ fẹ́ sá fún mi?"

  Mo rò pé ọjọ́ yẹn gan-an ni Dalala kú, bí Gule ṣe wí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú apá aṣọ ìbora náà nílẹ̀, ó gba ẹ̀wù Kanuna, ó sì wọ̀ ọ́.

Ó kọ́ ahéré sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú agbo ilé Gule. Kò sùn lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú Kamama mọ́ láé. Oúnjẹ Gule ló ń jẹ. Ní oṣù àkọ́kọ́, tí Ama bá pè é ní Bàbá, àwọn obìnrin á rọra tún un sọ fún un: ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ni. Ohun kan ṣoṣo ló jèrè níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, bàbá ò ní àṣẹ kankan lórí ọmọ, àlejò ló jẹ́ nílé ìyá wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyá ló ń kọ́ ọmọ, òun ló ń bá a wí, òun ló ń pinnu. Dalala wá ní Ama ju bó ṣe ní in rí lọ. Ó kọ́ ọ ní ọrun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ni. Nígbà tí wọ́n sì sọ fún un pé a kì í kọ́ ọmọbìnrin ní ọdẹ, ó ní kí wọ́n lọ bá ìyá òun sọ̀rọ̀, wọ́n mọ ilé Gule.

Òun fúnra rẹ̀ ò yìnbọn mọ́. Ọrun Kanuna ló ń lò. Ó máa ń jókòó sójú ọ̀nà omi ẹran láti ìdájí, á fi ìwo gbígbẹ ha ara igi bí akọ tó ń wá ìjà, á wá dúró láìmira. Kò ní fa ọsán títí ẹran á fi gbé ẹsẹ̀ iwájú, tí àyè á ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn èjìká. Tó bá ti ta á, kò ní lé e. Á jókòó, á jẹ́ kó lọ dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, kó tó dìde lọ wo àwọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ pupa tó ní ìfófòó, ẹran wà nítòsí. Ẹ̀jẹ̀ dúdú, kó ní sùúrù sí i. Àwọn ọdẹ oníbọn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní bàbá àgbà. Ó gbà kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀.

Ọdún karùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, ìjà bẹ́ láàárín wa àti odi. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀tù mọ́ wa. Balógun ránṣẹ́ pé àwọn ò ní fún wa ní ẹ̀tù tàbí ọta kankan, àfi tí àwọn àgbà bá wá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà odi kí wọ́n sì tọrọ àforíjì. Òtútù ti dé. Ìbọn kún gbogbo ilé bí igi ìdáná, ọrun àwọn ọ̀dọ́ sì ti jẹrà lórí àjà láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní ká lọ kúnlẹ̀, ọmọ ń sunkún ebi. Ọkùnrin tí à ń pè ní Kanuna, tí kì í sọ̀rọ̀ nínú ìgbìmọ̀, dìde.

"Kí àwọn ènìyàn yìí tó dé, ẹ̀tù ta ni à ń lò?" ni ó bi wọ́n. "Ẹni tó bá fẹ́ kúnlẹ̀ kó lọ. Ẹni tó bá fẹ́ jẹun kó wá bá mi pẹ̀lú igi tó dára kan."

Ogójì ọkùnrin ló wá. Sakoni ni ẹni àkọ́kọ́. Ó kọ́ wọn bí a ṣe ń gbẹ́ ọrun, bí a ṣe ń na esùnsún lórí iná kí ọfà lè tọ́, bí a ṣe ń gé ìkòkò bàbà òyìnbó tó ti lu láti fi ṣe orí ọfà. Èyí tó kẹ́yìn yẹn pa wọ́n lẹ́rìn-ín gan-an. Ó kọ́ wọn láti sún mọ́ ẹran. Èyí ló le jù, torí ìbọn ti kọ́ wọn ní ìkánjú. Nuyohi jẹ ẹran títí òtútù fi kọjá, kò sì sí orókún kan tó kan ilẹ̀ níwájú odi. Nígbà tí ewé tuntun yọ, a gbọ́ pé àwọn ará odi gan-an, tí kò sẹ́ni tó ń ta oúnjẹ fún mọ́, ló ń jẹ ẹṣin wọn nínú ibẹ̀.

Láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyí, àwọn ọkùnrin ń wo Kamama. Kò tíì gbó, ó sì lẹ́nu bíi ti ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ obìnrin lọ́dọ̀ wa, ẹran ló ń gbé wá, ẹran tó fọwọ́ ara rẹ̀ pa. Obìnrin á mú àgbàdo jáde, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á sì dúró tì í, torí òun ló ń gba ẹran náà lórúkọ ìdílé. Ẹ̀yin náà ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Walela ló kọ́kọ́ wá, ọkùnrin tó kàn ń fi fàdákà ṣe ara lọ́ṣọ̀ọ́ lásán. Kanuna wa yí àgbọ̀nrín rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó fi ìka kan ihò tó wà níkùn rẹ̀, ó gbóòórùn ìka náà.

"Ẹran yìí sáré ìdajì ọjọ́ kó tó kú," ni ó wí. "Ìfun lo ta. Ẹni tí ò lè mú sùúrù de èjìká ẹran kò ní mú sùúrù fún àbúrò mi. Máa gbé e lọ."

Ìlú rẹ́rìn-ín. Kamama fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹlòmíràn wá lẹ́yìn òjò, ó ta ẹran tirẹ̀ láti òkèèrè, ọfà gún un ní ìdí. Ó lé ìyẹn náà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Gule bi í pé, ẹran ló ń wò ni, àbí ọkùnrin. 

Ní oṣù tí àwọn aláṣọ pupa, ọmọ ogun òyìnbó, gòkè wá láti gbẹ̀san ìyà tó jẹ odi wọn, Yanasi gbé ẹran wá. Aya rẹ̀ ti kú, ó sì wà lára àwọn ogójì tí Kanuna wa kọ́ ní ọdún àìsí ẹ̀tù. Èéfín ìlú méjì tí wọ́n dáná sun ń gòkè lápá ìsàlẹ̀ odò bí a ṣe dúró níbẹ̀. Àwọn àgbà ní kí wọ́n sún ọ̀rọ̀ yìí síwájú. Gule, tó ti ń fi ọ̀pá rìn, ní kò sí aláṣọ pupa kankan tó máa bá òun yan ọjọ́ tí òun máa fi ọmọ òun fọ́kọ.

Kanuna wa kúnlẹ̀ ti àgbọ̀nrín náà. Ihò kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn èjìká. Ó yí i padà, ó rí ibi tí ọfà gbà jáde. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo inú ẹnu rẹ̀, ó fọwọ́ tú irun ọrùn rẹ̀ bí ẹni tó ń wá iná orí.

"Ìṣísẹ̀ mélòó?"

"Méjìdínlógún," ni Yanasi wí. "Mo dúró títí mo fi rí ìpéǹpéjú rẹ̀."

"O bẹ̀ ẹ́?"

"Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sì fi ewé bo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀."

Ó tún yí ẹran náà padà lẹ́ẹ̀kan sí i. A dúró dè é. Ọmọ kékeré kan húkọ́, ìyá rẹ̀ pa á lẹ́nu mọ́. Kamama dúró pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ àgbàdo lọ́wọ́, ó ń wo ẹ̀yìn ọrùn ọkùnrin tó kúnlẹ̀ sílẹ̀ yẹn. Ama, tó ti ga tó ìyá rẹ̀, di apá rẹ̀ mú. Ọkùnrin náà wá àbùkù lára ẹran yẹn bó ṣe mọ̀ ọ́n wá tó, kò rí ọ̀kan.

Ó dìde. Àgbà ìlú bèèrè, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń bèèrè, pé ta ló dúró fún obìnrin yìí.

"Èmi Kanuna, ẹ̀gbọ́n rẹ̀," ni ó wí, ó sì sọ ọ́ sókè débi tí àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá fi gbọ́. "Ìdílé Ẹyẹ gba ẹran náà."

Ó gé itan àgbọ̀nrín náà, ó gbé e lé Kamama lọ́wọ́, ó sì lọ dúró sí apá ọ̀tún rẹ̀, níbi tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó máa ń dúró.